Yẹ̀pẹ̀ Tí A Gbé Wálé láti Massè

Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí bí mo ṣe ń wọ yàrá Ìyá Àgbà ní ilé wa ní Adja-Ouèrè. Wọ́n ní mo máa ń gbé ẹsẹ̀ sókè fo ẹnu ọ̀nà náà bí ẹni tó ń fo odò, èmi tí orúnkún ń dùn, tí mo ń di ògiri mú kí n tó lè jókòó. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ẹni tó bá ráyè ka ìṣísẹ̀ ìyá rẹ̀, iṣẹ́ ò tíì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò tán. Ojú ń tì mí, ó ti ń tì mí láti ìgbà èwe mi, àwọn tó yẹ kí n bẹ̀ ti wọlẹ̀ lọ, ìtìjú náà kò sì bá wọn lọ. Mo fẹ́ sọ ọ́ jáde kí èmi náà tó wọlẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n ti sọ àsíá àwọn Faransé kalẹ̀, orin tuntun là ń kọ ní ilé-ẹ̀kọ́ láràárọ̀, ṣùgbọ́n nínú agbo ilé wa, ohun tó yí padà kò tó nǹkan. Ìró ìgbálẹ̀ ló ń jí wa. Ìyá mi á gbá láti ilé ìdáná dé ìdí igi máńgòrò, èmi á gbá láti ibẹ̀ dé ojú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi Akínbí á ti máa pọ́n àdá lórí òkúta lẹ́yìn ilé. Bàbá á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nínú yàrá rẹ̀, a ó mọ̀ pé ó ti ń jáde bọ̀, a ó sì kúnlẹ̀ kí i. Àkàsà, ìyẹn ẹ̀kọ àgbàdo, la máa ń jẹ láàárọ̀, tí a fi omi gbígbóná pò, pẹ̀lú ọbẹ̀ àná tí ata ti wọ̀ lára. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kì í fi nǹkan kan ẹnu títí á fi bọ́ àwọn adìyẹ rẹ̀ tán. Ó máa ń sọ pé ohun tí kò lè bèèrè ni à ń kọ́kọ́ fún. Obìnrin kékeré ni, ohùn rẹ̀ ló tóbi. Kẹ́hìndé ni orúkọ rẹ̀; Táyé rẹ̀ ti kú láti kékeré, ẹni tí ìyá wọn sì bí tẹ̀lé wọn ni Ìdòwú, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù.

Ìdòwú yìí, a kò mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ nílé wa. Láyé àwọn òyìnbó, wọ́n fi ipá kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ la ọ̀nà ní ìhà Massè. Ìdòwú bá wọn lọ, kò padà wá. Ìyẹn ò tó oṣù mẹ́ta, ẹnì kan kọjá lójú ọ̀nà, ó ní kí a sọ fún wọn nílé pé ibà ti pa á, àti pé wọ́n ti sin ín. Irun rẹ̀ kò dé ilé, èékánná rẹ̀ kò dé ilé. Bẹ́ẹ̀ ní ìdílé wa, ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, a gbọ́dọ̀ mú nǹkan lára rẹ̀ wálé kí a sin ín sínú yàrá. Bí kò bá sí, a ó lọ bu yẹ̀pẹ̀ ojú oórì rẹ̀, a ó máa pè é lórúkọ lójú ọ̀nà títí a ó fi délé, kó má bàa ṣìnà. Ìyá Àgbà a máa ní, “Ilé làbọ̀ sinmi oko. Àbúrò mi ṣì wà lóko.” Ó ń sọ ọ́ lọ́nà tó jẹ́ pé bí òjò bá ń rọ̀, èmi ọmọdé a máa rò pé òjò ń pa ẹnì kan.

Ohun tó fà á tí wọn kò fi lọ bu yẹ̀pẹ̀ náà láti ọjọ́ yìí ni pé òbí kì í dé ojú oórì ọmọ nílé wa, ẹ̀gbọ́n kì í fojú kan ti àbúrò. Èèwọ̀ ni. Ibẹ̀ sì tún jẹ́ ọgbà àwọn òyìnbó, wọ́n mọ odi yí i ká, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n bi òun pé kí lò ń wá. Ọdún yẹn ni adẹ́mu kan láti Massè, tó ń gbé ẹmu wá fún Bàbá lọ́jọ́ ọjà, sọ pé itẹ́ òkú náà ṣì wà, òyìnbó tó ń ṣọ́ ọ ti lọ, àti pé akọ̀wé wọn ìgbà náà kò sin àwọn òṣìṣẹ́ lásán. Ó gé páànù pẹlẹbẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó fi ìṣó lu orúkọ ẹni náà àti ìlú rẹ̀ sí i lára, ó kàn án mọ́ igi. Ẹni tó lè kà á nìkan ló kù. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Èmi ni mẹ́tìrì, olùkọ́ wa, gbóríyìn fún lójú gbogbo kíláàsì, èmi ni Bàbá ń fi yangàn lábẹ́ igi máńgòrò. Kí n má purọ́, mo mọ ìwé wa kà. Mo mọ̀ ọ́n láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, nítorí mo ti há a sórí. Ìwé tí mi ò bá tíì há sórí ńkọ́? Ìyẹn ò tíì ṣẹlẹ̀ sí mi rí, kò sì sí ẹni tó bi mí.

A jáde ní kùtù, gbogbo ilé pátá. A kò jọ jáde báyẹn rí, àfi tí a bá ń lọ síbi òkú tàbí ibi ìgbéyàwó. Ìyá Àgbà jókòó lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Bàbá, ó ró ìró rẹ̀ tó dára, ó ká aṣọ funfun tuntun sí àyà. Ìyá mi ru oúnjẹ, Akínbí gbé ọkọ́ àti àdá, èmi kò gbé nǹkan kan. Bàbá ló ní kí n wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ mi, kí àwọn tó wà níbẹ̀ lè mọ irú ẹni tó ń bọ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń fò. Oko àgbàdo ni lápá ọ̀tún, oko ẹ̀gẹ́ lápá òsì, ìrì ń rin wa lẹ́sẹ̀, àwọn tó ń lọ sóko ń kí wa, Bàbá sì ń dúró dá olúkúlùkù lóhùn pé ọmọ òun fẹ́ lọ ka ìwé. Ìyá Àgbà ń sọ̀rọ̀ Ìdòwú láti orí kẹ̀kẹ́: bí ó ṣe máa ń jí èèpo iṣu sísun jẹ, bí ó ṣe máa ń súfèé tí kò fi ní gbọ́ bí wọ́n bá ń rán an níṣẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ kó rẹ́rìn-ín sórí orúkọ yẹn rí.

Adẹ́mu náà pàdé wa ní Massè, ó mú wa gba àárín ọ̀pẹ lọ. Odi ọgbà náà ti wó lójú mélòó kan, igi tíìkì ti hù kún inú rẹ̀, ewé wọn ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Níwájú ni ibojì òyìnbó méjì wà, wọ́n fi símẹ́ńtì kọ́ wọn, wọ́n fi irin ṣe ọgbà yí wọn ká. Bàbá fọwọ́ kan irin náà, ó ní òyìnbó yìí ti ibi jíjìn wá kú, kò sì sẹ́ni tó ń bá a ro koríko. Ìyá mi, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà, ṣe àmì àgbélébùú, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa koríko díẹ̀ tu. Ó ní ìyá kan ló bí òun náà. Ìyá Àgbà kò wọlé. Ó tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìn odi, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sí ọ̀nà. Gbogbo ohun tí yóò rí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ojú mi ni yóò fi rí i.

A bẹ̀rẹ̀. Akínbí á ro koríko ìdí páànù kan, èmi á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá kà á, Bàbá á pe orúkọ náà tẹ̀lé mi, á sì kí ẹni náà pẹ̀lẹ́. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ rọrùn. Orúkọ kúkúrú ni wọ́n, mo kà wọ́n bí ẹni ń já ìbẹ́pẹ, Bàbá ń mi orí. Lẹ́yìn náà ni ìpẹtà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ihò ìṣó náà ti wọnú ara wọn, òmíràn ti jẹ dé ìdajì, orúkọ gígùn-gígùn tí mi ò gbọ́ rí ń bẹ níbẹ̀, n kò sì mọ ibi tí ọ̀kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Mo ń wò wọ́n, mo ń gbọn ètè bí ẹni tó ń kàwé, màá ní kì í ṣe òun, a ó kọjá. Bóyá mẹ́wàá ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kọjá, kò sì sí èyí tí mo kà nínú wọn. Oòrùn ti yọ dáadáa. Akínbí, tí wọ́n yọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kó tó mọ̀wé kà, kí n lè lọ, fi ọkọ́ lélẹ̀, ó ń nu òógùn. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, kò pariwo. Ó ní, “Kì í ṣe kíkà lò ń kà á yìí. Wíwò lò ń wò ó.” Bàbá ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí lọ́nà mìíràn. Láti ẹ̀yìn odi, Ìyá Àgbà tún bèèrè, ó ti tó ìgbà kẹrin, “Ẹ ti rí i?” Ohùn ńlá yẹn ti di kékeré. Mo dúró níwájú páànù kan tí ìpẹtà ti jẹ débi tí ojú rẹ̀ fi dà bí ìdí ìkòkò. Mo na ìka sí i. Mo ní, “Òun nìyí, Bàbá. Ìdòwú, Adja-Ouèrè.”

Kò sẹ́ni tó tún bi mí ní ìbéèrè kan. Bàbá ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, èmi tí n kò rí i kó sunkún rí. Lẹ́yìn odi, Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kí àbúrò rẹ̀, Ìdòwú, èṣù lẹ́yìn ìbejì, ọmọ tó tẹ̀lé wọn wá tó sì ṣáájú òun lọ. Bàbá bu yẹ̀pẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta sínú aṣọ funfun, ó nà án kọjá odi, Ìyá Àgbà na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn gbà á láìbojú wẹ̀yìn, bí ìgbà tí ènìyàn ń gba ọmọ pọ̀n. Ó dì í, ó gbé e lé itan. A jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ, ìyá mi bu àkàsà àti ẹja díndín, adẹ́mu gbé agbè rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé ọmọ òun ló kà á. Nígbà náà ni Ìyá Àgbà mú ẹyin sísè kan jáde láti inú àpò rẹ̀, ó bó o, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ lódidi. Ẹ gbọ́, wọn kì í fún ọmọdé ní ẹyin nílé wa. Wọ́n ní yóò kọ́ olè jíjà. Akínbí wo ẹyin náà, ó wò mí, ó gbé ojú kúrò.

Mo ti jẹ ẹ́ dé ìdajì nígbà tí Bàbá ní kí n lọ mú àdá tí Akínbí gbàgbé sínú ọgbà. Ó wà ní ọwọ́ ẹ̀yìn pátápátá, lábẹ́ igi kájú kan tó gbé e tì kí a tó bẹ̀rẹ̀, níbi tí a kò tíì ro dé. Mo bẹ̀rẹ̀ mú àdá, mo gbójú sókè, páànù kan wà níwájú mi. Ẹ̀ka igi náà ti bò ó lọ́wọ́ òjò. Ihò rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ẹni pé àná ni akọ̀wé náà lù ú. IDOHOU, bí àwọn Faransé ṣe ń kọ Ìdòwú, àti lábẹ́ rẹ̀, ADJA-OUÈRÈ. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan péré. Òun ni ìwé àkọ́kọ́ tí mo fi ojú ara mi kà láyé mi, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́kọ́ kà fún mi. Ẹyin náà ṣì wà lọ́wọ́ òsì mi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó tán ni òtítọ́ ti bá a, èmi fúnra mi ni mo sì fi koríko bò ó. Mo fa koríko gíga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lé e lórí, mo fi ewé kájú kún un. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀wé nínú wa. Ta ni mò ń fi pa mọ́ fún? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn títí ó ti sú mi.

Ìṣẹ́jú kan péré ló yẹ kó gbà mí. Kí n pe Bàbá, kí n ní mo ṣìnà. Bóyá wọ́n á gbá mi létí, ìgbájú kì í pa ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé, Ìyá Àgbà ti ń fi ọwọ́ pa dídì funfun náà, ó ń sọ fún un pé ọ̀nà ò jìn mọ́. Mo gbé ìdajì ẹyin tó kù sẹ́nu. Lójú ọ̀nà, gbogbo wa ń pe orúkọ náà, bí a bá dé oríta, Ìyá Àgbà á ní, “Ìdòwú, apá ọ̀tún la yà sí o.” Wọ́n ní kí n pariwo jù wọ́n lọ, èmi tí mo rí i. Mo pariwo. Ẹni tí mò ń fà wálé yẹn, n kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò mọ ìlú rẹ̀, àwọn tirẹ̀ náà lè máa retí rẹ̀ níbìkan. Ẹni tí mo mọ orúkọ rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ lábẹ́ kájú. Mo ti ja ilé méjì lólè kí ilẹ̀ tó ṣú.

Wọ́n sin yẹ̀pẹ̀ náà sínú yàrá Ìyá Àgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì tẹ́ ẹní rẹ̀ tì í. Láti ọjọ́ náà, kó tó bọ́ adìyẹ, á kọ́kọ́ kí i. A ń gbọ́ ọ láti ìta bó ṣe ń ròyìn ilé fún un: àgbàdo ti yọ, ewúrẹ́ ti bímọ, Akínbí ti ń wá ìyàwó. Ó sanra díẹ̀. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ wọlé, ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò bọ́ adìyẹ. Ó ní òun lálàá rí Ìdòwú. Ó ní ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, òun ní kó wọlé, kò wọlé. Ó kàn ń wo inú yàrá bí ẹni tó bá àlejò lórí ẹní rẹ̀. Ó lá a lẹ́ẹ̀kejì, ó lá a lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá pa àkùkọ, wọ́n tún ojú ibẹ̀ rẹ́, ìyá mi lọ bá Fadá kó bá wọn gbàdúrà. Àlá náà ò lọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ìyá Àgbà pè mí wọ yàrá. Ara rẹ̀ ti rù. Ó ní, “Ìwọ lo ka orúkọ rẹ̀, ó mọ ohùn rẹ. Bá mi pè é kó wọlé.”

Òun lórí ẹní, èmi lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹlòmíràn. Ọlọ́run ló fún mi láyè náà láti jẹ́wọ́, mi ò jẹ́ jiyàn rẹ̀. Mo yíjú síta, mo ní, “Ìdòwú, ẹ wọlé o.” Adìyẹ kan ló dá mi lóhùn lábẹ́ àjà. Ìyá Àgbà ní kí n tún pè é, mo tún pè é. Ó wo ẹnu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́, ó ní ó dáa, ó ní ó ṣeun, ọmọ rere. Kò tún sọ̀rọ̀ àlá náà mọ́. Ó kú kó tó di pé àwọn ṣọ́jà gba ìjọba tí wọ́n ní ká máa pe ara wa ní kámáráàdì. Ohun tó fi lélẹ̀ ni pé kí wọ́n sin òun ti àbúrò òun, kí orí àwọn kọjú síra. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe, Bàbá sì fi símẹ́ńtì tẹ́ gbogbo ilẹ̀ yàrá náà.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, mo di olùkọ́, ẹ gbà mí, èmi ni mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má há a sórí. Nígbà tí Bàbá náà lọ, mo gba Massè lọ ní èmi nìkan. Odi náà ò sí mọ́, wọ́n ti gé tíìkì púpọ̀, ṣùgbọ́n kájú náà ṣì wà, páànù náà wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo bu yẹ̀pẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta sínú gèlè mi. Mo ń pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ọlọ́kọ̀ alùpùpù, títí ọmọ náà fi bi mí bóyá òun ni mò ń bá wí. Mo délé lọ́sàn-án, gbogbo wọn wà lóko. Símẹ́ńtì Bàbá dán káàkiri yàrá náà, kò sí ibi tí ọkọ́ lè wọ̀ láìjẹ́ pé mo sọ ìdí rẹ̀ fún Akínbí, tí ilé ti di tirẹ̀. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni ilẹ̀ ti rọ̀. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo fi ọ̀bẹ ilé ìdáná gbẹ́ ẹ.

Mo ń bo ihò náà nígbà tí òjìji bọ́ sórí ọwọ́ mi. Akínbí ni, ó ti oko dé, ọkọ́ ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó bi mí pé kí ni mò ń sin. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, mo mọ̀ ọ́n, mo gbọ́ ìró rẹ̀ nínú orí mi. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí wọ́n yọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kí n lè lọ, tó sọ òtítọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà tí wọ́n ní kó pa ẹnu mọ́.

Mo ní, “Òkú eku ni.”

Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí adìyẹ má bàa hú u. Ó dúró, ó ń wò mí. Mo dìde, mo gbé ẹsẹ̀ lé e, mo tẹ̀ ẹ́.